Òfófó Ẹsẹ̀ Òkè Arigbo: Ọ̀rọ̀ Jámánì Ilé Wa

Ẹ sún fún mi díẹ̀ lórí ẹní yẹn, ẹsẹ̀ ń ro mí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́. Ìyá Alákàrà ló sọ fún mi, òun náà sì ní ẹnu ọmọ tó ń pọnmi lòun ti gbọ́ ọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi kì í ṣòfófó. Ohun tí mo bá fojú rí ni mo máa ń sọ, àti ohun tí mo bá fetí gbọ́, àti ohun tó bá jọ pé ó lè ṣẹlẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ọmọbìnrin ilé ìsàlẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Jámánì? Wọn ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ o. Nígbà tó dé kíláàsì tí wọ́n ti ń yan èdè òkèèrè kejì níléèwé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ Sípéènì, òun nìkan ló nawọ́ sí Jámánì. Wọ́n ní Sípéènì rọrùn, ó jọ Faransé. Ó ní ohun tó bá rọrùn kì í wu òun. Ìyá rẹ̀ ní orí kunkun bàbá rẹ̀ ló gbé wá sáyé. Orí kunkun bàbá rẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀, èyí tó kan malúù ìdílé ìyàwó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ di ọ̀la. Ọmọ yege nínú báàkì, ó kọrí sí Yunifásítì Abomey-Calavi, níbi tí ẹ̀ka kan wà fún ẹ̀kọ́ èdè Jámánì. Ó ti wà ní ọdún kejì nínú mẹ́ta tí wọ́n fi ń gba líṣáǹsì. Ẹ wo Dassa wa yìí tí òkè 41 yí ká, tí Faransé, Fọ̀n àti Ìdáàṣà ti ń jà du ẹnu ẹyọ èèyàn kan, ọmọ tún lọ gbé ẹ̀kẹrin wọlé.

Kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ẹ gbọ́ ti bọ́ọ̀sì ná. Ẹ rántí bọ́ọ̀sì funfun tó máa ń gbé èrò lóríta wa, níbi tí ọ̀nà Cotonou ti ya sí méjì, tí ọ̀kan gba Savalou lọ sí Djougou, tí èkejì gba Savè lọ sí Parakou. Àlòkù ilẹ̀ Jámánì ni. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé èbúté Cotonou, ẹnikẹ́ni ò sì pa ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ rẹ́. Awakọ̀ náà fẹ́ràn ìkọ̀wé yẹn ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Ó ti sọ fún tọmọdé tàgbà pé àdúrà ni, pé ìkọ̀wé náà ló ń kó òun yọ nínú jàǹbá. Àwọn èrò mìíràn máa ń fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó wọlé. Ọjọ́ tí Jámánì dé láti Calavi, ó dúró síwájú ọkọ̀, ó kà á sókè: “Sanitär und Heizung.” Awakọ̀ ní, “Àmín!” Ọmọ ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Balùwẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọkọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ni tẹ́lẹ̀.” Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná! Ní Dassa! Níbi tí àpáta fúnra rẹ̀ ti ń làágùn lóṣù kẹta! Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń kí i ní “Bàbá Balùwẹ̀”. Kò tíì dárí ji ọmọ yẹn títí di òní.

Ṣùgbọ́n ìròyìn yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀ nílé. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé ó lè ka ohun tí awakọ̀ tó ti ń wa ọkọ̀ káàkiri ò lè kà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu gbogbo agboolé: “Ìgbà wo lo ń lọ?” Bàbá Télọ̀ ti wọn ọmọ náà fún kóòtù òtútù. Wọ́n ní ó ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, èmi ò sí níbẹ̀. Ẹnì kan láti Cotonou ti wá, ó ní òun lè “bá wọn ṣe é”, kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ mówó wá.

Ọmọ náà kó gbogbo wọn jọ sábẹ́ igi kajú, ó là á fún wọn. Ó ní kí wọ́n tó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní físà, ó ní láti fi hàn pé owó tí yóò fi jẹun fún ọdún kan wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń kó o sínú àkáǹtì tí wọ́n ti dè pa, tí wọ́n á máa tú u fún wọn lóṣooṣù. Láti ọdún 2024, yúrò 11,904 ni, ìyẹn 992 lóṣù kan. Yúrò kan sì jẹ́ sẹ́fà 655.957, iye tí wọ́n ti so pọ̀, tí kì í lọ sókè, tí kì í wá sílẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ó lé ní sẹ́fà 7,800,000. Ìyá Alákàrà ka ìka ọwọ́, ó ka ti ẹsẹ̀, ó ní bí òun bá ń ta àkàrà kan ní sẹ́fà 25, òun gbọ́dọ̀ ta ju 312,000 lọ. Ó wá dákẹ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí i kó dákẹ́ rí.

Ọmọ ò tíì parí. Ó ní wọ́n ti pín ìmọ̀ èdè sí ìpele mẹ́fà ní ilẹ̀ Yúróòpù láti ọdún 2001, A1 dé C2. Òun wà láàárín, lórí B1, òun ń wo B2 lókè. Ó ní B1 lè tó fún ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì tí wọ́n ti ń fi Jámánì kọ́ni, ìdánwò mìíràn tó ga ju ìyẹn lọ ló máa ń ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní DSH tàbí TestDaF. Bàbá Télọ̀ ní, “Kí lo wá ń kọ́ ọ fún nígbà náà?” Ó ní, “Bàbá, lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ ń yan Jámánì ní ilé-ìwé gírámà níbí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò kọ́ wọn.” Bàbá Télọ̀ wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó ní òun ti gé aṣọ kóòtù náà.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ gan-an wá dé wàyí. Oṣù kẹjọ ni. Ẹ mọ bí Arigbo ṣe máa ń rí nígbà àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà: àwọn Àgùdà á wọ́ wá láti gúúsù àti àríwá, á kún ihò àpáta Màríà, á kún ojú ọ̀nà, á kún ẹnu ọ̀nà ilé onílé. Àbẹ́là ni mò ń tà níbẹ̀, àti omi tútù, àti ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Jámánì wá bá mi pàtẹ. Ìgbà náà ni obìnrin òyìnbó kan àti ọkọ rẹ̀ yà sọ́dọ̀ wa. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe Faransé. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún Jámánì: “Àwọn èèyàn rẹ dé!”

Ó lanu, ó pa á dé, ó tún là á. Gbogbo ohun tí obìnrin náà sọ ló yé e, mo rí i lójú rẹ̀. Obìnrin náà ń béèrè àbẹ́là gígùn. Ọmọ wa dúró, ó ń tò ó lọ́kàn: àbẹ́là, ṣé akọ ni àbí abo? Ọ̀rọ̀ “gígùn” tó máa ṣáájú rẹ̀, ìrù wo ló máa so mọ́ ọn? Kó tó tò ó tán, ọkọ obìnrin náà ti nawọ́ júwe, wọ́n sì ti ra àbẹ́là mẹ́fà lọ́dọ̀ ẹni tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, obìnrin tó jẹ́ pé owó nìkan ni èdè òkèèrè tó gbọ́. Gírámà ló jẹ èrè mi lọ́jọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìwé kì í jẹ owó ọlọ́jà.

Lálẹ́, mo pè é. Mo ní, “Ọmọ mi, wá jókòó. Kí ló dé ọ lẹ́nu?” Ó ní, “Màmá, àárín ni mo wà. Àárín yìí burú. Ẹni tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀, bó bá ṣì í, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó ti dé òkè kì í ṣì í mọ́. Èmi tí mo wà láàárín, mo ti mọ̀ tó láti gbọ́ àṣìṣe ara mi, n kò tíì mọ̀ tó láti yẹra fún un.” Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ kejì tí mo bí ṣe rí nínú ìgbéyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn náà di ọ̀la.

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní gbogbo ohun tó wà láyé ni wọ́n ti yàn sí akọ, abo, tàbí èyí tí kò sí níhìn-ín tí kò sí lọ́hùn-ún. Ṣíbí, der Löffel, akọ. Fọ́ọ̀kì, die Gabel, abo. Ọ̀bẹ, das Messer, kò ṣe akọ kò ṣe abo. Mo ní abájọ tí ọ̀bẹ fi ń gé tọkùnrin tobìnrin láìwojú. Ó ní èyí tó le jù ni pé ọmọdébìnrin fúnra rẹ̀, das Mädchen, kì í ṣe abo nínú gírámà wọn. Ìyá Alákàrà, tí ẹnikẹ́ni ò pè, ní, “Ìgbà wo ló wá ń di obìnrin?” Ó ní, “Nígbà tó bá di Frau, ìyá wa.” Àwa tí a ń fi “ó” kan ṣoṣo pe ọkọ, aya, ewúrẹ́ àti àga, ṣé ẹ rí i pé Ọlọ́run ṣàánú wa?

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń bá a lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àwọn nǹkan kan tó mọ́ mi létí. Ó ní wọ́n mọ àgbà. Ọ̀rẹ́ àti ọmọdé ni wọ́n ń sọ du fún. Sie ni ti àgbàlagbà àti àlejò, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń pe “àwọn”, lẹ́tà ńlá nìkan ló fi yàtọ̀ bí wọ́n bá kọ ọ́. Mo ní kí ló ṣe tuntun níbẹ̀? Àwa náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ bàbá wa, ṣebí “wọ́n ti dé” là ń wí? Ó ní wọ́n máa ń la ọ̀rọ̀-ìṣe sí méjì, wọ́n á gbé ìrù rẹ̀ síwájú, wọ́n á sọ orí rẹ̀ sí ìparí: anrufen, láti peni lórí fóònù, á di “ich rufe dich an”. Mo ní, “Ọmọ mi, kí lò ń pè ní ìṣòro? Bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́, tí a bá fẹ́ sọ pé Ìyá Alákàrà ló fà á, báwo la ṣe ń sọ ọ́? Ó BA ọ̀rọ̀ JẸ́. A la ‘bàjẹ́’ sí méjì, a fi ọ̀rọ̀ sáàárín. O ti ń ṣe é láti ìgbà tí o ti ń mu ọmú.” Ó yanu, ó ń wò mí. Ìyá Alákàrà náà ń wò mí, ṣùgbọ́n ìdí tirẹ̀ yàtọ̀.

Ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe tún máa ń sá lọ sí ìparí pátápátá bí gbólóhùn bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú weil, ìyẹn “nítorí pé”. Ẹ wò ó bí: nítorí pé Bàbá Télọ̀, lánàá, lẹ́yìn ọjà, lálẹ́, pẹ̀lú ìyàwó ẹlòmíràn… Ẹ ti dúró, àbí? Ẹ ò mí mọ́. Ẹ fẹ́ mọ ohun tó ṣe. Ọmọ Jámánì á jẹ́ kí ẹ dúró títí, á wá sọ ọ́ ní ìkẹyìn: …sọ̀rọ̀. Sọ̀rọ̀ lásán! Mo dìde, mo pàtẹ́wọ́. Àwọn tó dá irú èdè báyìí sílẹ̀, mo ní wọ́n ti jókòó lẹ́nu ọ̀nà agboolé rí.

Ibi tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ nìyí. Ó ní ohun kan wà tí òun ò lè gbé mì, tí wọ́n ń pè ní Konjunktiv I. Ó ní bí oníwèé ìròyìn wọn bá fẹ́ sọ ohun tí ẹlòmíràn sọ, tí kò fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí i, ó máa ń yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà. “Er ist krank”, ó ń ṣàìsàn, èmi ni mo sọ ọ́. “Er sei krank”, wọ́n ní ó ń ṣàìsàn, n kò sí níbẹ̀, ẹ má pè mí lẹ́jọ́. Ó ní inú ìwé ìròyìn ni ó pọ̀ sí, pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó lẹ́nu lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin aráalé, omi bọ́ lójú mi. Odindi ìlú kan jókòó, wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kan fún òfófó! Èmi tí mo ti ń pariwo láti ọjọ́ pípẹ́ pé “kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́”, ṣé ẹ rí i pé gírámà gíga ni mò ń sọ? Mo bi í pé, “Èyí ló le?” Ó ní, “Ó le, Màmá. Olùkọ́ wa ní kí a fi ọ̀rọ̀ mínísítà ṣe àpẹẹrẹ.” Mo ní ibẹ̀ lọ̀ràn ti wọ́. Ta ló bìkítà nípa ọ̀rọ̀ mínísítà?

Ó ní bí wọ́n bá ń lo Konjunktiv I dáadáa ni, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìbá ti dára. Ó sọ ti ọkùnrin Jámánì kan, Leo Frobenius, tó dé Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1910. Ó rí orí idẹ Olókun, ó fẹ́ gbé e lọ, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kó dá a padà. Èyí tó dun ọmọ wa jù ni ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀: ó ní Atlantis, ìlú tí òkun gbé mì nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, ni iṣẹ́ ọnà yẹn ti wá. Ó kọ ọ́ bí ẹni pé òun ló bá wọn rọ idẹ náà. Ṣé kò yẹ kó fi “wọ́n ní” kan sí i? Olófòófó tó mọṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A máa ń fi àyè sílẹ̀ fún ìgbà tí onílé bá jáde.

Bàbá Àgbà gbọ́ orúkọ Jámánì, ó jí lórí àga. Ó ní wọ́n ti ní ilé òfófó wọn nítòsí wa rí. Ó sòótọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 1884 ni Gustav Nachtigal fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Baguida, tí Tógò fi bọ́ sọ́wọ́ Jámánì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá kan sí Kamina, lẹ́bàá Atakpamé, ní ìlú àwọn Ifẹ̀-Ana, ìbátan wa tí èdè wọn ò jìnnà sí tiwa. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá Nauen sọ̀rọ̀, lẹ́bàá Berlin, tí wọ́n sì ń ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ ojú omi lórí òkun. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1914, ilé yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kọ́kọ́ dojú kọ, ọ̀kan láti Gold Coast, èkejì láti Dahomey. Àwọn Jámánì fọwọ́ ara wọn wó o ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ, wọ́n sì jọ̀wọ́ ara wọn ní ọjọ́ 26. Ẹ gbọ́ bí: ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ lọ dí. Ẹ tún máa ní òfófó ò já mọ́ nǹkan.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà, mo gba iṣẹ́ olùkọ́. Bí a bá ti palẹ̀ àbẹ́là mọ́, màá sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nílé, òun á gbé e sí Jámánì. Mo ní, “Wọ́n ní Bàbá Télọ̀ ti ta aṣọ oníbàárà rẹ̀.” Ó ní, “Der Schneider habe den Stoff einer Kundin verkauft.” Ó pariwo, ó ní, “Màmá, ẹ wò ó! ‘Wọ́n ní’ wà níbẹ̀, oní-nǹkan wà níbẹ̀, ohun tó ti kọjá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe sì wà ní ìparí!” Gbogbo wàhálà ọdún kejì nínú òfófó ẹyọ kan. Nígbà tí mo wá dé orí ọ̀rọ̀ pé oníbàárà náà ti mọ̀, pé ó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ológun, ọmọ ò dúró wo akọ, kò dúró wo abo. Ó ń sáré kí ọ̀rọ̀ má baà tutù. Bó bá ṣi ìrù ọ̀rọ̀ kan so, ó ti kọjá lọ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò lè ta àbẹ́là ẹyọ kan wá ń ròyìn ìjà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ní nínú ìdánwò B1 tí Goethe-Institut ń ṣe, kíkà, gbígbọ́, kíkọ àti sísọ ni apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹni tó bá fẹ́ yege gbọ́dọ̀ gba 60 nínú 100 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú apá sísọ, wọ́n á mú èèyàn méjì jókòó kí wọ́n jọ ṣètò nǹkan kan. Mo ní bí wọ́n bá mú èmi àti Ìyá Alákàrà, wọn ò ní lè lé wa jáde.

Wàhálà kan ṣoṣo ló kù. Lórí fóònù ni ó ti ń fi Jámánì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Calavi sọ̀rọ̀ báyìí, gbogbo àṣírí agboolé sì ti dé yunifásítì. Bàbá Télọ̀ ò gbọ́ Jámánì, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ kan: Schneider. Bó bá ti gbọ́ ọ, á pa ẹ̀rọ ìránṣọ, á na ọrùn síta. Òun náà ti wọ A1 nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ èdè ilẹ̀ òkèèrè, mo bẹ̀ yín, ẹ yé bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n ń lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín lórí físà tí kò sí. Ẹ ní kí ọmọ fi èdè náà ròyìn ilé, kó ṣì í, kó tún un sọ, kó máa bá a lọ. Ẹni tí kò bá tíì lè ṣòfófó ní èdè kan, kò tíì gbọ́ èdè náà. Wọ́n ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Èyí, mo fọwọ́ sí i.